Irun ọmọ mi "le", onídìrí ní kí n fi rẹ́lásà sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àníkẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi àti ẹ̀yin àǹtí. Ọ̀rọ̀ irun ọmọ mi obìnrin ló gbé mi wá síbí. Ọmọ ọdún méje ni. Irun rẹ̀ pọ̀, ó ki, ó sì lọ́ mọ́ra gan-an. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, mo lè na ẹyọ kan dé èjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, á ká padà sókè etí. Iléèwé wọn ló ń yan irun tí gbogbo àwọn ọmọbìnrin máa dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ọ̀sẹ̀ yìí ṣùkú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kòlẹ́sẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e pàtẹ́wọ́. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé la máa ń wà níwájú onídìrí, ẹkún ni ọmọ yìí sì máa ń sun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Onídìrí wa ti sọ fún mi pé irun náà ti le jù, pé ó ti kán òòyà mọ́ òun lọ́wọ́, kí n ra rẹ́lásà àwọn ọmọdé kí gbogbo wa lè sinmi. Bàbá rẹ̀ ní ká gé e kanlẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gé e. Ó fẹ́ràn irun rẹ̀, òòyà ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé irun ẹ̀bá etí àti ti iwájú orí rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Mò ń fi ìpara sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ ó ń gbẹ táútáú, ọyẹ́ tó dé yìí sì tún dá kún un. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ní tèmi o, mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ́lásà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá lò ó. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́, irun wọn dé èjìká, wọn kì í sunkún mọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ò lágbára bíi tàgbà, wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kò ní lye. Ìyà wo ló yẹ kí ọmọdé máa jẹ torí irun orí?

Tíṣà Dáyọ̀ (Iléṣà)

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ yín, inú mi sì dùn pé nǹkan kan ò ṣe àwọn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n kẹ́místrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ọ̀rọ̀ "kò ní lye" yẹn sì ń tan ọ̀pọ̀ òbí jẹ. Sodium hydroxide ni wọ́n ń pè ní lye. Èyí tí wọ́n ní kò ní in, calcium hydroxide ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, tí wọ́n á pò mọ́ guanidine carbonate kó tó di lílò. pH àwọn méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó tàbí bó ṣe lágbára bíi omi eérú tó, lé ní 11. Ti omi lásán jẹ́ 7, ti awọ orí wa kò ju nǹkan bíi 5.5 lọ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí pH bá fi gòkè, ìlọ́po mẹ́wàá ni, nítorí náà kí ẹ má wò ó pé 11 àti 5.5 ò jìnnà síra. Ó lè jó awọ orí ọmọ. Bó bá ta sí i lójú, ó lè ba ojú jẹ́. Èyí tí kò ní lye yìí tún máa ń fi kálísíọ́mù sílẹ̀ lára irun, irun á wá máa gbẹ.

Rẹ́lásà kì í kàn mú irun rọ̀. Ó ń já àwọn ìdè inú kératin (èròjà tí irun fi di irun) tó ń mú irun lọ́ ni, ibi tó bá sì ti já báyẹn kì í so padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Irun tuntun tó bá hù á tún lọ́, ẹ ó sì tún padà sídìí rẹ́lásà láàárín oṣù méjì. Ọmọ ọdún méje tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ ṣírò iye ìgbà tó máa kan awọ orí rẹ̀ kó tó pé ogún ọdún.

Ìyá Àníkẹ́, kò sí àléébù nínú kí irun lọ́. Ihò tí irun wa ń gbà jáde nínú awọ orí tẹ̀, kò gún, ẹyọ irun náà sì rí pẹlẹbẹ díẹ̀, kò rí roboto bíi ti àwọn ará Ṣáínà. Bó ṣe ń jáde ló ń lọ́. Gbogbo ibi tó ti yí ni ibi tó ti lè kán. Epo tí awọ orí ń tú jáde máa ń ṣàn wá sísàlẹ̀ lára irun tó nà, ṣùgbọ́n lára irun tó lọ́, ìdí irun ló máa ń dúró sí, ṣóńṣó á sì gbẹ. Bí òòyà bá wá gba inú irun gbígbẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú méjì ló máa kán, òòyà tàbí irun.

Ìyá Àgbà Òkè-Ògùn

Àníkẹ́ á dàgbà o, á gbó, á tọ́. Ọmọ mi, nígbà tiwa, òwú dúdú la fi ń kó irun ọmọdé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí irun rẹ̀, pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, fi òrí díẹ̀ pa á, kó o wá fi òwú kó o láti ìdí dé ṣóńṣó. Kó má fún jù ní ìdí. Jẹ́ kó sùn mọ́jú. Bó o bá tú u láàárọ̀ Sátidé, irun náà á ti nà, òòyà á gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni kó o tó gbé e lọ dì.

Òrí tòótọ́ ni kó o lò, èyí tí wọ́n ń gbé wá láti Ṣakí àti Kìṣí, tí kò ní lọ́fínńdà nínú. Bí ọyẹ́ bá mú, fi àdín díẹ̀ lú u. Ìpara inú ike tí ẹ ń rà lọ́jà yẹn, ojú irun lásán ló ń mú dán. Irun kọ́ ló le, ọwọ́ tó ń bá a ṣe ni kò rọ̀.

Bọ́lá (Peckham)

Mo kúnlẹ̀ o, Ìyá Àgbà. Irun kíkó yẹn, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Níbí ní Lọ́ńdọ́nù, oríṣiríṣi ẹ̀rọ gbígbóná ni wọ́n ń tà fún nínà irun, bẹ́ẹ̀ òwú lásán ń ṣe é láìsí iná. Ibi tí mo ti fẹ́ yà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òrí. Òrí kì í fi omi sínú irun. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dènà kí omi tó ti wà níbẹ̀ má tètè gbẹ. Ẹ̀yin ń bu omi sí i kẹ́ ẹ tó fi òrí pa á, òun ló fi ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ìyá Àníkẹ́ ń fi ìpara sórí irun gbígbẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, omi ò sì rọ́nà wọlé mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe tọmọ mi nìyí, àǹtí. Mo máa ń pín orí rẹ̀ sí mẹ́rin, màá di mẹ́ta kalẹ̀, màá máa ṣe ọ̀kan. Màá fi ike tó ń fọ́n omi rin apá tí mo fẹ́ ṣe títí á fi tutù dáadáa, lẹ́yìn náà màá fi kọndíṣọ́nà sí i, kó pọ̀, kó máa yọ̀ lọ́wọ́. Ìka ni mo fi ń kọ́kọ́ tú kókó inú rẹ̀. Òòyà eléyín gbàgbà ló máa ń tẹ̀ lé e. Ṣóńṣó irun ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, tí mò ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìdí. Ọwọ́ mi kejì á di irun mú lókè ibi tí òòyà wà, kí fífà náà má baà dé awọ orí. Ọwọ́ kejì yẹn ló dá ẹkún dúró nílé wa.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn òyìnbó pé kí èèyàn má ya irun tútù. Irun tiwọn nìyẹn o. Irun tó lọ́ bíi tiwa, òòyà ń tètè gbà á kọjá bó bá tutù ju bó bá gbẹ lọ. Kó sì máa dé fìlà sátínì sùn. Aṣọ òwú tó wà lára ìrọ̀rí máa ń fa omi inú irun mu, ó sì ń ha á.

Ìyá Àníkẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Tíṣà, ẹ ti gba ọkàn mi kúrò lórí rẹ́lásà. Ó ku ìbéèrè díẹ̀. Ọṣẹ dúdú la fi ń fọ irun rẹ̀, ìyá mi ló ń fi ránṣẹ́ láti Oǹdó. Ṣé ó dáa? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ńkọ́, ṣé kò pọ̀ jù? Nǹkan mìíràn ni pé pẹ́pẹ́ funfun wà ní orí rẹ̀, ó sì máa ń yún un. Ó pọ̀ jù lápá ẹ̀yìn. Ibì kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó owó kọ́bọ̀, irun ibẹ̀ ti kán mọ́ ìdí. Àbí òòyà ló fà á?

Tíṣà Dáyọ̀ (Iléṣà)

Eérú èèpo kòkó ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọṣẹ dúdú lápá Oǹdó. Eérú yẹn ló ń fún un lágbára, pH rẹ̀ máa ń tó 9 tàbí 10. Ó ń ṣí ìdọ̀tí dáadáa, ṣùgbọ́n ìpẹ́ kéékèèké tó bo ara irun náà máa ń ṣí, irun á gan, á sì máa lọ́ mọ́ra wọn. Tèmi ni kí ẹ gbé e tì.

Ìyá Àgbà Òkè-Ògùn

Tíṣà, ọṣẹ dúdú la fi wẹ̀ dàgbà, òun la fi fọ irun, orí wa ò sì pá. Ẹni tó bá gún un mọ́ orí bó ṣe rí, tó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ni wàhálà ń bá. Pò ó sínú omi títí á fi ṣàn, awọ orí ni kó o fi fọ̀, má fi para irun. Fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò. Òrí kì í sì gbọdọ̀ jìnnà sí i.

Bọ́lá (Peckham)

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Àgbà níbi pé kó ṣàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò pọ̀ jù, àǹtí, pàápàá fún ọmọ tí orí ń yún. Àmọ́ bí ọṣẹ dúdú bá jẹ́ ti gbogbo ọ̀sẹ̀, irun tó ti gbẹ yẹn ò ní gbádùn. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ fi ṣàǹpúù tó rọra fọ̀ ọ́ láwọn ọ̀sẹ̀ yòókù. Ẹ wo omi tí ẹ ń lò náà. Omi Lọ́ńdọ́nù níbí le, ẹfun inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ irun. Bí omi kànga tàbí ti bòhòlù yín kì í bá jẹ́ kí ọṣẹ hó, irú kan náà ni. Omi òjò tí ẹ bá gbè ló dáa jù láti fi ṣàn án kẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé (Òṣogbo)

Ìyá Àníkẹ́, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ibi tó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ yẹn ná, ó ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ọṣẹ lọ. Òòyà kì í sábà kán irun ní roboto. Ibi roboto tí irun ti kán mọ́ ìdí, tó ń yún, tó ní pẹ́pẹ́, làpálàpá orí ni mo kọ́kọ́ máa fura sí, ó sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò tó ń fà á máa ń wọ inú ẹyọ irun lọ, ìpara kì í débẹ̀. Oògùn mímu ló ń wò ó, irú bíi griseofulvin tàbí terbinafine, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe wúwo tó ni dókítà fi ń wọn oògùn náà, nítorí náà ẹ má lọ dá a rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì fi òrí tàbí òróró bo ibẹ̀ kó tó di pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo orí àwọn ọmọ yòókù nínú ilé náà. Ó ń ràn láti ara òòyà, fìlà àti ìrọ̀rí.

Irun ẹ̀bá etí àti iwájú orí tó ń fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Fífà ló fà á. Irun tí wọ́n bá ń dì fún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdí ẹyọ irun á máa tú díẹ̀díẹ̀, iwájú orí ló sì máa ń kọ́kọ́ hàn nítorí irun ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ irun lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í tán. Bí ẹ bá rí ròrẹ́ wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tàbí tí ọmọ bá ní orí ń dun òun lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ tú u. Ẹ má sọ pé ó máa mọ́ ọn lára. Mo mọ àwọn òbí tó máa ń fún ọmọ ní paracetamol lẹ́yìn irun dídì. Irun tó bá la oògùn ìrora lọ ti fún jù, ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ẹ bá tètè dá fífà náà dúró, irun ọmọdé máa ń hù padà. Bó bá pẹ́ lọ́dún púpọ̀, ihò irun á di àpá, irun ò sì ní hù níbẹ̀ mọ́. Ẹ ti rí àwọn obìnrin tí ẹ̀bá etí wọn pá. Láti kékeré ni ti ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Onídìrí Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa onídìrí náà, nítorí gbogbo ẹ̀bi ti fẹ́ wó lé wa lórí. Ìyá á gbé ọmọ wá láàárọ̀ Sátidé, irun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà lórí rẹ̀, wọn ò tú u, wọn ò fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ mìíràn ti tò sílẹ̀. Ìyá á tún ní kí n dì í wẹ́wẹ́, kí n fà á dáadáa, kó lè pẹ́. Bí mo bá dì í kó rọ̀, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́. Ibo ni mo ti máa ráyè fi ìka tú kókó?

Nítorí náà, Ìyá Àníkẹ́, ilé yín ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí Ìyá Àgbà ṣe wí. Ẹ gbé irun tó ti nà wá. Kí ọmọ tó jókòó ni kẹ́ ẹ ti sọ fún onídìrí yín pé kó la ojú irun náà tóbi. Ṣùkú olójú mẹ́jọ ti tó ọmọ ọdún méje. Kó fi irun wẹ́wẹ́ iwájú orí sílẹ̀, kó má mú un mọ́ ọn. Kó má fi atáṣímẹ́ǹtì sí i, ó wúwo jù fún orí ọmọdé. Ṣùkú máa ń fa irun lọ sókè, ẹ̀bá etí ló sì ń forí fá a. Bí wọ́n bá dì í lọ́sẹ̀ kan, kí ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, tó ń ti ìpàkọ́ bọ̀ wá síwájú, kí ibi tí wọ́n ń fà lè yí padà. Ẹ lè bá ọ̀gá iléèwé sọ èyí. Wọn kì í ronú kan ìdí irun nígbà tí wọ́n bá ń kọ orúkọ irun sílẹ̀.

Bí apá ò bá ká kọndíṣọ́nà, ẹ gé ilá, ẹ sè é nínú omi, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi rẹ̀ tó ń yọ̀ á jẹ́ kí òòyà rìn. Ẹ ṣàn án kúrò dáadáa o.

Àwọn kan ń pe irun òwú ní irun ará oko. Ẹ wo àwọn fọ́tò irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Òwú ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ àwọn irun tó dúró sókè nínú wọn, onílé gogoro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Irun obìnrin ìgboro ni wọ́n nígbà náà. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kan ò mọ òwú í kó dáadáa mọ́.

Bàbá Ìbejì

Èmi ni mò ń tọ́jú irun àwọn ọmọbìnrin mi, gígé la gé e. Ó mọ́, ó rọrùn, omi àti òrí díẹ̀ ló kù. Iléèwé púpọ̀ ló gbà á. Bàbá Àníkẹ́ ò sọ àsọdùn.

Ìyá Àgbà Òkè-Ògùn

Bàbá Ìbejì, gígé ò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ ní òun fẹ́ irun òun. Ẹ má fi abẹ dá a lóhùn nígbà tó jẹ́ òòyà ló ń bà á lẹ́rù.

Ṣadé_4C

Kí Ìyá Àníkẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá 4B tàbí 4C (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pín irun bó ṣe lọ́ tó) ni irun ọmọ yẹn kó tó ra ohunkóhun. Kí ẹ sì máa fi omi ìrẹsì fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n ní ó ń mú irun gùn. Ní ti rẹ́lásà, wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé (Òṣogbo)

Ṣadé, ká rọra sọ ọ́. Ìwádìí tí NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2022 ni o ń sọ. Àwọn obìnrin tó lo ohun ìnà irun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún ni wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ pọ̀ sí láàárín wọn. Nínú 1,000 tí kò lò ó, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi 16 ló máa ní in kó tó pé 70 ọdún. Láàárín àwọn tó ń lò ó léraléra, nǹkan bíi 40. Ìyẹn fi hàn pé méjèèjì ń rìn pọ̀, kò tíì fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì, àwọn àgbà ni wọ́n sì yẹ̀ wò. Ó tó ìdí láti má fi sórí ọmọdé. Kò tó ìdí láti máa dẹ́rù ba ìyá tó ti lò ó fún ọmọ rẹ̀.

Bọ́lá (Peckham)

Ṣadé, Andre Walker tó ń ṣe irun Oprah Winfrey ló dá nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, 4A àti 4B ló fi parí tirẹ̀, àwọn èèyàn ló fi 4C kún un. Orí kan ṣoṣo lè ní mẹ́ta nínú wọn. Ohun tó wúlò jù ni kí ẹ wo bí irun ṣe ń gba omi. Bí omi bá ń dúró sójú rẹ̀ ní kíkán-kíkán, ẹ lo omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè wọlé. Bó bá ń mu omi kíá tó sì ń gbẹ kíá, òrí ẹ̀yìn omi yẹn gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i. Ní ti omi ìrẹsì lójoojúmọ́, táàṣì inú rẹ̀ á mú irun tó ti gbẹ gan paali. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò lórí ọmọ yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé fún bí ẹ ṣe sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ kí tàwọn ọmọ mi hù padà, ṣé dandan ni kí n gé gbogbo rẹ̀?

Onídìrí Ògbómọ̀ṣọ́

Kì í ṣe dandan. Ẹ dá rẹ́lásà dúró, ẹ máa kó o lówùú kí ìdí tuntun àti ṣóńṣó tó ti nà lè jọra, kẹ́ ẹ máa gé ṣóńṣó díẹ̀ lóṣù méjì-méjì. Ibi tí tuntun ti pàdé tàtijọ́ ló máa ń kán jù, ẹ rọra ṣe níbẹ̀. Ó máa lé ní ọdún kan kó tó tán.

Ìyá Àníkẹ́

A ti dé ilé ìwòsàn. Làpálàpá ni lóòótọ́, wọ́n ti fún un ní oògùn. Mo ti kó irun rẹ̀ lówùú bí Ìyá Àgbà ṣe kọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi di òwú mú. Nọ́ọ̀sì, ṣé ó lè dirun lọ sí iléèwé pẹ̀lú oògùn yìí, àbí kí n fá ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kẹ́hìndé (Òṣogbo)

Ẹ má fá a, kò ṣe dandan. Ó lè lọ sí iléèwé níwọ̀n ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Dídì tó rọ̀, ojú ńlá, tí ibi tó ń ṣe é á hàn síta kẹ́ ẹ lè máa wò ó. Bí griseofulvin ni wọ́n fún un, kó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní epo díẹ̀, ara á tètè gbà á. Kó lò ó tán o, bí irun bá tilẹ̀ ti ń hù. Ẹ fọ gbogbo òòyà ilé, ẹ jù èyí tó ti gbó dànù, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìrọ̀rí àti fìlà. Ẹ ra òòyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó máa gbé e dání lọ sọ́dọ̀ onídìrí.